Bí wọ́n ṣe ń ṣa iṣẹ́ Benjamin Latrobe jọ

Ilé ẹ̀rọ omi kan wà láàárín ìgboro Philadelphia nígbà kan, níbi tí gbọ̀ngàn ìjọba ìlú náà wà báyìí. Oṣù Kìíní ọdún 1801 ni omi bẹ̀rẹ̀ sí í ti ibẹ̀ ṣàn lọ sí ojúlé àwọn ará ìlú. Nígbà tí yóò fi di ìparí ọdún 1829, wọ́n ti wó o. Benjamin Henry Latrobe ló yàwòrán rẹ̀. Òun náà ló ya Báǹkì Pennsylvania àti ọgbà ẹ̀wọ̀n Richmond, kò sì sí èyí tó ṣẹ́ kù nínú méjèèjì. Síbẹ̀, díẹ̀ ni ayàwòrán-ilé ìgbà náà ní Amẹ́ríkà tí a mọ iṣẹ́ wọn kúnnákúnná tó tirẹ̀. Ohun tó fà á ni pé ìwé rẹ̀ ń sọ tirẹ̀, ilé tó kù ń sọ tirẹ̀, àwọn tó ń ṣe àkọsílẹ̀ sì ń fi ọ̀kan yẹ èkejì wò.

England ni wọ́n bí Latrobe sí ní 1764. Ó gúnlẹ̀ sí Virginia ní 1796, Ààrẹ Thomas Jefferson sì fi í ṣe alábòójútó àwọn ilé ìjọba ní Washington ní 1803. New Orleans ni ibà pọ́njú ti pa á ní 1820, lẹ́nu iṣẹ́ omi ẹ̀rọ tó ń ṣe fún ìlú náà.

Inú ìwé ni wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀. Láyé ìgbà náà, bí ẹni kan bá ti fi lẹ́tà ránṣẹ́, ó ti lọ nìyẹn; àfi tó bá fi ọwọ́ ara rẹ̀ dà á kọ, ẹ̀dà kì í kù nílé. Latrobe ní ẹ̀rọ tí wọ́n ń pè ní polygraph, tó so gègé méjì pọ̀. Bí ọwọ́ bá ṣe ń darí ọ̀kan lórí tákàdá, bẹ́ẹ̀ ni èkejì ń kọ ohun kan náà sórí tákàdá míràn. Jefferson náà lo irú rẹ̀. Láti 1803 lọ, ẹ̀dà lẹ́tà kún ọwọ́ Latrobe: ẹjọ́ owó tó ń bá àwọn aṣòfin rò, aáwọ̀ òun àti àwọn tó gbéṣẹ́ fún un, òkúta tí kò tètè dé. Ó tún ní ìwé tó ń kọ ìrírí rẹ̀ sí àti ìwé àwòrán tó ń gbé kiri. Àwọn àtọmọdọ́mọ rẹ̀ kò dà wọ́n nù. Ọ̀pọ̀ nínú wọn wá dé ọ̀dọ̀ ẹgbẹ́ ìtàn Maryland ní Baltimore.

Ibẹ̀ ni Edward C. Carter Kejì àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti jókòó ti iṣẹ́ náà. Wọ́n wá lẹ́tà tó wà níbòmíràn kún un, wọ́n to gbogbo rẹ̀ bí ọjọ́ ṣe tẹ̀ lé ara wọn, wọ́n sì wádìí ẹni tí orúkọ kọ̀ọ̀kan jẹ́. Ní 1976, wọ́n gbé ìwé náà jáde lórí fíìmù pẹlẹbẹ kéékèèké, kí olùwádìí tó wà lọ́nà jíjìn lè kà á láì fọwọ́ kan ojúlówó. Láti 1977 ni Yale University Press ti wá ń tẹ àwọn tó ṣe kókó sínú ìwé, èyí tó ń bá a lọ títí di 1994. Kì í ṣe iṣẹ́ oníkánjú.

Ohun tó ń jáde nínú irú àkójọ bẹ́ẹ̀ máa ń kọjá ilé kíkọ́. Ní oṣù Kejì ọdún 1819, Latrobe ń rìn lọ ní New Orleans, ó gbọ́ ariwo, ó sì bá àwọn ọmọ Áfíríkà tí wọ́n ń lùlù, tí wọ́n ń jó ní gbangba, níbi tí gbogbo ayé mọ̀ sí Congo Square lónìí. Ó ya ìlù wọn. Ó ya ohun-èlò olókùn kan tí ikùn rẹ̀ jẹ́ igbá, tí wọ́n gbẹ́ ère ọkùnrin tó jókòó sí orí rẹ̀. Ẹ̀gàn pọ̀ nínú ohun tó kọ nípa orin náà, kò dùn ún kà. Ṣùgbọ́n àwòrán rẹ̀ wà lára ohun tí àwọn tó ń wádìí ìtàn orin aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà ṣì ń lọ wò. Ká ní àkọsílẹ̀ ilé nìkan ni wọ́n ṣà, èyí ì bá ti bọ́ sílẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé àwòrán ilé kì í ṣe ilé. Fún kàtídírà Baltimore, oríṣi méjì ni Latrobe yà fún Bíṣọ́ọ̀bù John Carroll: ọ̀kan ní fèrèsé ṣóńṣó bíi ti ṣọ́ọ̀ṣì England àtijọ́, èkejì ní òrùlé rìbìtì bíi ti Róòmù. Èkejì ni bíṣọ́ọ̀bù mú. Ẹni tó bá rí àwòrán kìíní nìkan á máa wá ṣọ́ọ̀ṣì tí kò sí níbì kankan. Ti White House tún lọ́jú pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní 1807, Latrobe ya ìloro olópòó sí iwájú àti ẹ̀yìn ilé náà, ṣùgbọ́n ó ti kú kí wọ́n tó kọ́ ti gúúsù ní 1824 àti ti àríwá ní 1829 sí 1830, James Hoban, ayàwòrán-ilé tó kọ́kọ́ ya White House, ló sì bójú tó iṣẹ́ náà. Ta ló ni ín? Àkọsílẹ̀ tó dára kì í dá irú ẹjọ́ yìí. Ó máa ń kọ ẹni tó yà á, ẹni tó kọ́ ọ, àti ọdún tí ìkọ̀ọ̀kan ṣe tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ọwọ́ ta ló yà á náà tún wà níbẹ̀. Robert Mills àti William Strickland kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Latrobe, irú ọmọ iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ sì máa ń bá ọ̀gá da àwòrán kọ. Nítorí náà wọ́n máa ń yẹ ìkọ̀wé ara àwòrán wò, wọ́n á gbé tákàdá sókè sí ìmọ́lẹ̀ láti rí àmì ilé-iṣẹ́ tó ṣe é, wọ́n á sì wá lẹ́tà tó bá a mu. Bí kò bá sí ẹ̀rí kankan ju pé àwọn ará àdúgbò ń sọ pé Latrobe ló ya ilé kan, ọ̀tọ̀ ni ibi tí wọ́n ń kọ ọ́ sí.

Lẹ́yìn ìwé ni ilé fúnra rẹ̀. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1933, nígbà tí ọ̀dá owó ti lé ọ̀pọ̀ ayàwòrán-ilé kúrò lẹ́nu iṣẹ́, Charles E. Peterson ti National Park Service, àjọ ìjọba tó ń bójú tó ọgbà àti ibi ìtàn, dá a lábàá pé kí ìjọba gba 1,000 nínú wọn, kí wọ́n máa lọ wọn àwọn ilé àtijọ́. Ètò Historic American Buildings Survey, tí wọ́n ń pè ní HABS, bẹ̀rẹ̀ látibẹ̀. Ohun mẹ́ta ni HABS ń béèrè lórí ilé: àwòrán tí wọ́n yà láti inú ìwọ̀n tí wọ́n fọwọ́ wọ̀n, fọ́tò orí fíìmù ńlá, àti ìtàn ilé náà ní kíkọ. Àwòrán tí wọ́n bá kó sílẹ̀ gbọ́dọ̀ wà lórí ohun tó lè pẹ́ tó 500 ọdún. Lésà ni wọ́n fi ń wọn ọ̀pọ̀ ilé báyìí, ó sì yá ju téèpù lọ, ṣùgbọ́n fáìlì kọ̀ǹpútà ogún ọdún sẹ́yìn lè má ṣí mọ́. Ilé-ìkàwé Kọ́ńgírẹ́ẹ̀sì ló ń tọ́jú wọn, ọ̀fẹ́ sì ni lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Ibi tí ìwé àti ilé ti pàdé jù ni Lexington, ní Kentucky. Latrobe ya ilé kan níbẹ̀ ní 1811 fún Sẹ́nétọ̀ John Pope àti Eliza ìyàwó rẹ̀. Àwòrán náà ń bẹ ní Washington: ilé onígun mẹ́rin dọ́gba, ilé ìdáná àti ibi iṣẹ́ àwọn ìránṣẹ́ nísàlẹ̀, àwọn yàrá àlejò lókè, yàrá rìbìtì kan sì wà láàárín òkè náà lábẹ́ òrùlé tó rí roboto. Àwọn tó ni ilé náà lẹ́yìn Pope tún un ṣe léraléra, títí wọ́n fi pín in fún àwọn ayálégbé. Ẹni tó bá wọlé nígbà náà kò ní gbà pé ilé náà ló wà nínú àwòrán Latrobe. Ní 1987, iná jó o. Ìrẹ́lé wó kúrò lára ògiri, àpá àtijọ́ sì yọ síta: ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti fi bíríkì dí, ihò tí igi ti wọ̀ rí. Blue Grass Trust, ẹgbẹ́ tó ń dáàbò bo ilé àtijọ́ níbẹ̀, rà á. Wọn kò sáré rẹ́ ògiri padà. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jẹ́ kó wà ní ìhòòhò, kí olùwádìí lè fi àpá kọ̀ọ̀kan wé àwòrán Latrobe.

Ní Baltimore, ìwé ló darí ilé. Nígbà tí wọ́n ń tún kàtídírà náà ṣe, iṣẹ́ tó parí ní 2006, wọ́n tún ṣí fèrèsé 24 tó wà lójú òrùlé rìbìtì rẹ̀, wọ́n sì yọ gíláàsì aláwọ̀ mèremère tí wọ́n fi sí àwọn fèrèsé ara ògiri ní ọ̀rúndún ogún, nítorí pé ìmọ́lẹ̀ funfun láti òkè ni Latrobe fẹ́.

Ìwé owó iṣẹ́ ni wọ́n yẹ̀ wò kẹ́yìn, ó sì yẹ kó ti ṣáájú. Ayàwòrán kò gbé òkúta. Nínú ìwé owó àwọn káfíńtà White House ọdún 1795, ṣáájú kí Latrobe tó dé Amẹ́ríkà, orúkọ Peter, Ben àti Harry wà níbẹ̀, láìsí orúkọ bàbá. Ẹrú James Hoban ni wọ́n. Hoban ló gba owó wọn.