Iye òṣìṣẹ́ nìkan kò tó nílé ìtọ́jú àgbàlagbà

Kì í ṣe iye ibùsùn ló yẹ kí wọ́n fi mọ iye òṣìṣẹ́ tí ilé ìtọ́jú nílò. Ipò tí àwọn tó ń gbébẹ̀ wà ló yẹ kí wọ́n wò: ta ló lè dá jẹun, ta ni ẹni méjì gbọ́dọ̀ gbé dìde, ta ni ìgbàgbé ń bá fínra tó sì máa ń rìn kiri lóru. Ogún àgbàlagbà lè gba òṣìṣẹ́ ju ọgbọ̀n mìíràn lọ.

Bí òṣìṣẹ́ bá dín, oògùn àti oúnjẹ kọ́ ló kọ́kọ́ máa ń yẹ̀, torí wọ́n ní àkókò, wọ́n sì ń kọ wọ́n sílẹ̀. Ohun tó ń fẹ́ sùúrù ló máa ń yẹ̀. Òùngbẹ kì í tètè gbẹ arúgbó mọ́, bí ara rẹ̀ tilẹ̀ ń fẹ́ omi. Kọ́ọ̀pù tó kún lórí tábìlì láti àárọ̀ kò ṣe é lóore kankan, àfi kẹ́nì kan jókòó tì í kó lè máa mu ún díẹ̀díẹ̀. Àìtó omi lára lè mú kí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ geere lánàá máa ṣe ṣábàṣábà lónìí. Àlejò òṣìṣẹ́ á ní ogbó ni. Ẹni tó ti ń tọ́jú rẹ̀ tipẹ́ á fura. Ìdí nìyí tí pípààrọ̀ òṣìṣẹ́ lemọ́lemọ́ fi burú.

Ẹ̀kọ́ ojú iwé ṣe pàtàkì, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ẹni tó mọṣẹ́ ni ẹni tuntun ti ń kọ́ ọ̀pọ̀ nǹkan. Ẹ wo egbò ìdùbúlẹ̀, ìyẹn egbò tó ń yọ lára ẹni tó pẹ́ lójú kan: bí ìdí tàbí gìgísẹ̀ bá pọ́n, wọ́n á fìka tẹ̀ ẹ́. Bí pípọ́n náà kò bá pòórá bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́, ewu ti dé. Lára ẹni tó dúdú, ó lè má pọ́n rárá; ọwọ́ ni wọ́n á fi mọ̀ ọ́n, bóyá ibẹ̀ gbóná tàbí ó le ju àyíká rẹ̀ lọ. Kí wọ́n máa yí àgbàlagbà náà padà lóòrèkóòrè ló ń dènà egbò yìí, lóru pàápàá, nígbà tí òṣìṣẹ́ kì í pọ̀.

Gbogbo èyí á sọnù bí àwọn tó ń lọ sílé kò bá ráyè bá àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sọ̀rọ̀. Ó yẹ kí wọ́n ka àkókò yẹn mọ́ iṣẹ́, kí wọ́n sì sanwó rẹ̀. Ẹbí tó bá fẹ́ fi òbí síbẹ̀ lè béèrè pé: àwọn mélòó ló ń ṣiṣẹ́ òru, ó sì ti tó ìgbà wo tí wọ́n ti wà níbẹ̀?