Pẹtiróòlù nínú sítóòfù kẹrosíìnì: ẹ gbà mí gbọ́, kò gbóná jù, ó kàn léwu jù ni

Gbogbo ẹni tó bá ń ra sítóòfù onídẹ àtijọ́ jọ, àwọn kékeré tí wọ́n fi ń dáná níta tí wọ́n bá lọ pàgọ́ yẹn, á ti gbọ́ ọ rí pé èyí tó ń jó kẹrosíìnì, èèyàn lè da pẹtiróòlù sí i, kò sí wàhálà, á tiẹ̀ tún gbóná sí i torí pẹtiróòlù "lágbára". Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe bẹ́ẹ̀ rárá.

Ká kọ́kọ́ yanjú ti agbára yẹn. Kílò kan pẹtiróòlù àti kílò kan kẹrosíìnì, ooru tó wà nínú àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tó bá wá jẹ́ lítà la fi wọ̀n wọ́n, kẹrosíìnì gan-an ló jù torí òun ló wúwo jù. Ohun tí pẹtiróòlù fi jù ú lọ ni pé ó tètè gbiná: kódà nínú òtútù tó wà ní nǹkan bíi 40°C nísàlẹ̀ òdo, oru tó ń jáde lára ẹ̀ lè gbiná, àmọ́ kẹrosíìnì gbọ́dọ̀ gbóná tó 38°C ó kéré tán kí oru tiẹ̀ tó lè mú iná.

Ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ẹ wo Primus, sítóòfù kẹrosíìnì tí Frans Wilhelm Lindqvist ṣe ní Stockholm lọ́dún 1892, irú ẹ̀ náà ni Amundsen, ará Norway tó kọ́kọ́ dé Pólù Gúúsù, gbé dání lọ síbẹ̀ ní 1911. Kò lo òwú. Ẹ máa fi sìpíríìtì díẹ̀ mú orí ẹ̀ gbóná, ẹ máa wá fún pọ́ǹpù, afẹ́fẹ́ tó wọ inú tánkì á ti kẹrosíìnì gòkè lọ síbi tó gbóná, ibẹ̀ ló ti máa di oru tó ń jó bùlúù tó ń pariwo yẹn. Kò sí kọ́kọ́rọ́ kankan tẹ́ ẹ máa yí láti pa á, skúrù kékeré tó wà lára ìdérí tánkì lẹ máa tú, afẹ́fẹ́ á jáde ṣìì, iná á kú. Ohun tó ń jáde níbẹ̀ yẹn, afẹ́fẹ́ lásán ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, torí kẹrosíìnì kì í fi bẹ́ẹ̀ tú oru nínú tánkì.

Ẹ wá da pẹtiróòlù sínú nǹkan kan náà. Bí iná ṣe ń jó lókè ni tánkì ń gbóná nísàlẹ̀, pẹtiróòlù fúnra ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í tú oru, á máa ti ara ẹ̀ jáde láì sẹ́ni tó fún pọ́ǹpù, iná á máa ga sí i, ẹ sì máa rò pé "ó ti ń gbóná nìyẹn". Ẹ̀rù á wá bà yín, ẹ máa fẹ́ pa á, ẹ máa tú skúrù yẹn, oru pẹtiróòlù ló máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ iná tó ń jó. Primus àtijọ́ yẹn kò sì ní fáàfù ààbò tó máa dín ìfúnpá kù. Ní Nàìjíríà, ọ̀pọ̀ ilé ló ti rí ohun tí kẹrosíìnì tí wọ́n da pẹtiróòlù lú ń fi sítóòfù àti àtùpà ṣe, àwọn tó jóná níbẹ̀ kò mọ̀ pé wọ́n ti lú u. Kí èèyàn wá mọ̀ọ́mọ̀ fọwọ́ ara ẹ̀ lú u, ó dùn mí gan-an ni.

Ẹnì kan á ní sítóòfù kékeré tí wọ́n ń pè ní Svea 123 ńkọ́, ṣé kì í ṣe pẹtiróòlù ló ń jó láti 1955? Bẹ́ẹ̀ ni, àmọ́ torí ẹ̀ ni wọ́n ṣe ṣe é: tánkì ẹ̀ kéré, ó ní fáàfù tẹ́ ẹ lè tì pa, ìdérí ẹ̀ sì ní fáàfù ààbò. Tẹ́ ẹ bá da kẹrosíìnì sí òun náà, èéfín ló máa rú. Lóòótọ́ àwọn tòde òní kan wà, bíi MSR XGK àti Primus OmniFuel, tó ń jó méjèèjì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ibẹ̀ ni irọ́ yìí ti ń lágbára sí i, àmọ́ àwọn yẹn, ìgò epo wọn jìnnà sí iná, páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ tí epo ń gbà kọjá ló so wọ́n pọ̀, ihò kékeré tí epo ń gbà jáde sì ṣeé pààrọ̀.

Tẹ́ ẹ bá fẹ́ rà, nọ́ńbà tí wọ́n kọ sára sítóòfù lẹ máa wò, ẹ má wo ìrísí. Optimus 111 ti kẹrosíìnì ni, 111B ti pẹtiróòlù, àpótí irin tí wọ́n wà nínú ẹ̀ sì jọra bí ìbejì. Optimus 00 àti Primus 210, kẹrosíìnì. Optimus 8R àti Primus 71, pẹtiróòlù. Tí nọ́ńbà bá ti pa rẹ́, tẹ́ ẹ bá rí skúrù atúfẹ́fẹ́ lára ìdérí tánkì, kẹrosíìnì ni. Tí kò bá ṣì yé yín, ẹ fi ṣe ọ̀ṣọ́ sórí pẹpẹ, ẹ má tan án. Àwọn tó wà ní ìlú òyìnbó, tó bá jẹ́ ti pẹtiróòlù lẹ ní, epo tó mọ́ tí wọ́n ń tà nínú agolo, bíi ti Coleman tàbí Aspen 4, ni kẹ́ ẹ rà, ti ilé epo ní àwọn èròjà tí wọ́n fi sí i fún mọ́tò, wọ́n á dí ihò kékeré tí epo ń gbà jáde.