Oríta Tí Oòrùn àti Òṣùpá Ti Ń Pàdé

Àwòrán kan wà nínú ìwé sáyẹ́ǹsì ilé ẹ̀kọ́ tó ti ṣi ọ̀pọ̀ èèyàn lọ́nà: bọ́ọ̀lù mẹ́ta tí wọ́n tò sórí ìlà kan ṣoṣo. Bí òṣùpá bá bọ́ sáàárín, á dí oòrùn, ilẹ̀ á ṣú lọ́sàn-án. Bí ayé ló bá bọ́ sáàárín, òjìji rẹ̀ á bo òṣùpá mọ́lẹ̀. Kò sírọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá fọkàn sí i á béèrè pé: ṣebí oṣooṣù ni òṣùpá ń gba àárín kọjá, kí ló dé tí ilẹ̀ kì í ṣú lọ́sàn-án lóṣooṣù? Àwòrán yẹn kò lè dá a lóhùn, torí orí tákàdá pẹlẹbẹ ni wọ́n yà á sí.

Ọ̀nà tí òṣùpá ń tọ̀ kò tẹ́ pẹrẹsẹ pẹ̀lú ọ̀nà tí ayé ń gbà yí oòrùn po. Ó fi nǹkan bíi dígírì márùn-ún dagun. Ẹ má fojú kéré rẹ̀ o. Lójú ọ̀run, òṣùpá mẹ́wàá tí a tò síra wọn ló máa kún àlàfo yẹn. Ìdí nìyẹn tí òṣùpá fi máa ń gba òkè oòrùn tàbí ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá lọ́pọ̀ oṣù, tí òjìji rẹ̀ á sì fo ayé dá. Ibi méjì péré ni ọ̀nà méjèèjì ti gé ara wọn kọjá. Oríta ni ká pè wọ́n. Bí oòrùn àti òṣùpá bá bára wọn ní oríta kan náà nígbà tí oṣù kò tíì lé, òṣùpá á bo oòrùn. Bí oòrùn bá wà ní oríta kan, tí òṣùpá àrànmọ́jú sì wà ní ìkejì, òjìji ayé á bo òṣùpá. Nǹkan bíi ọjọ́ 173 ni oòrùn fi ń ti oríta kan dé ìkejì.

Ẹni tó bá ń ná ọjà ọ̀rọọrún ti mọ ìyókù. Ọjà tó bọ́ sí ọjọ́ Ajé, ọjọ́ Ẹtì ni wọn yóò tún ná an, lẹ́yìn náà Ìṣẹ́gun, Àbámẹ́ta, Ọjọ́rú, Àìkú, Ọjọ́bọ̀, kó tó padà sí ọjọ́ Ajé. Ó di ọjọ́ 28 gbáko. Oníṣòwò tó ń retí ọjà tó máa bọ́ sí Àbámẹ́ta kò lọ bá awòràwọ̀, ìka ọwọ́ ló ń kà. Òṣùpá náà ní òǹkà méjì: ọjọ́ 29 ààbọ̀ láti ìgbà tó lé dé ìgbà tó tún lé, àti ọjọ́ 27 lé díẹ̀ láti oríta kan padà sí oríta yẹn kan náà. Bí a bá ka ti àkọ́kọ́ ní ìgbà 223, tí a ka ti ìkejì ní ìgbà 242, wọ́n á pàdé lẹ́yìn ọdún 18, ọjọ́ mẹ́wàá tàbí mọ́kànlá àti wákàtí mẹ́jọ, irú òjìji kan náà á sì tún padà wá.

Àwọn ará Bábílónì ìgbàanì ti rí ìṣirò yìí láìní dígí kankan tí wọ́n fi ń wo ọ̀run. Wọ́n kàn ń kọ ọ́ sórí wàláà amọ̀ láti ìran dé ìran ni. Òṣùpá ló ràn wọ́n lọ́wọ́ jù, torí gbogbo ibi tí ilẹ̀ bá ti ṣú tí òṣùpá sì ti yọ ló ń rí i nígbà tí òjìji bá bò ó. Ní ọjọ́ 7 oṣù Kẹsàn-án ọdún 2025, kó tó yọ ní Èkó lálẹ́ ni òjìji ti gbé e mì. Pípọ́n ló máa ń pọ́n nínú òjìji náà, torí ìmọ́lẹ̀ tó bá gba inú afẹ́fẹ́ etí ayé kọjá nìkan ló ń dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, irú èyí tó ń pọ́n lójú ọ̀run nírọ̀lẹ́.

Wákàtí mẹ́jọ tó ṣẹ́ kù sẹ́yìn ìṣirò yẹn ló dùn jù. Láàárín rẹ̀, ayé á ti yí ìdá kan nínú mẹ́ta, òjìji òṣùpá á sì bọ́ sórí ilẹ̀ mìíràn níhà ìwọ̀-oòrùn. Ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 2006, ó gba Accra àti Lomé kọjá, ó la Benin, ó sì gba àríwá ìwọ̀-oòrùn Nàìjíríà lọ sí Líbíà àti Tọ́kì. Ní ọjọ́ 8 oṣù Kẹrin ọdún 2024, òun náà ló ṣú mọ́ Mẹ́síkò, Amẹ́ríkà àti Kánádà. Ní ọdún 2042, ó di Indonéṣíà àti Philippines. Ìgbà kẹta ni wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ yẹn máa pé odindi ọjọ́ kan, òjìji á sì padà sí Gánà, Tógò, Benin àti Nàìjíríà ní ọjọ́ 30 oṣù Kẹrin ọdún 2060. Ọmọ ọdún mẹ́wàá tó wò ó ní Lomé lọ́dún 2006 á ti di ẹni ọdún 64.

Kò gbọdọ̀ fi ojú lásán wò ó. Abẹ́ igi máńgòrò ni kó lọ, kó kọ ẹ̀yìn sí oòrùn, kó wo ilẹ̀. Àwọn ojú ìmọ́lẹ̀ róbótó tó ń gba àlàfo ewé kọjá á ti di dòjé kéékèèké, ọgọ́rọ̀ọ̀rún wọn, nítorí oòrùn tí òṣùpá ti jẹ kù ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń yà sílẹ̀. Bí kò bá sí igi nítòsí, kó gbé ajere sókè nínú oòrùn: iye ihò tó bá wà nídìí rẹ̀, iye dòjé tó máa rí nílẹ̀ nìyẹn.