Afárá inú ọpọlọ: bí sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́ lára ẹni tí orí rẹ̀ ti farapa

Egungun tó ṣẹ́ a máa so padà, awọ tó bó a sì máa hù. Ọpọlọ kò rí bẹ́ẹ̀. Bí ènìyàn bá já lórí ọ̀kadà tí orí rẹ̀ gbá títì ọlọ́dà, ọpọlọ á mì jìgìjìgì, á sì fi ara lu agbárí láti inú. Àwọn sẹ́ẹ̀lì kan á kú lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ibẹ̀ á wú, tí wíwú ọ̀hún á tún pa lára àwọn tó kọ́kọ́ yè bọ́. Bí apá tàbí ẹsẹ̀ bá rọ, tí ọdún kan sì ti kọjá, ìtẹ̀síwájú kì í fi bẹ́ẹ̀ pọ̀ mọ́.

Irú àwọn ẹni bẹ́ẹ̀ ni ilé-iṣẹ́ SanBio ti Japan ṣe SB623 fún, ìtọ́jú tí wọ́n fi sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀ ṣe, ìyẹn “stem cell”, sẹ́ẹ̀lì tó lè di oríṣi sẹ́ẹ̀lì mìíràn. Mùdùnmúdùn egungun ẹni tí ara rẹ̀ le ni wọ́n ti ń mú sẹ́ẹ̀lì náà. Ní yàrá àyẹ̀wò, wọ́n á ti ègé jíìnì kan tí wọ́n ń pè ní Notch-1 sínú rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, èyí tó ń yí ìṣe rẹ̀ padà. Oníṣẹ́-abẹ á wá fi ẹ̀rọ ya àwòrán orí, á de férémù mọ́ ọn kó má baà yẹ̀, á lu ihò kékeré sí agbárí, á sì fi abẹ́rẹ́ tín-ín-rín tú sẹ́ẹ̀lì náà sí ẹ̀gbẹ́ ojú ọgbẹ́. Ẹ̀gbẹ́ ni o, kì í ṣe àárín, nítorí ibi tó ti kú pátápátá kò ní ohun tí wọ́n lè jí dìde níbẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ló rò pé sẹ́ẹ̀lì àlejò yìí ló ń di ọpọlọ tuntun. Rárá. Láàárín ìgbà díẹ̀, ó ti kú tán. Ohun tó fi sílẹ̀ ló ṣe pàtàkì. Ní 2013, àwọn olùwádìí ní Yunifásítì South Florida fi í sínú ọpọlọ eku, wọ́n sì rí i pé ó tẹ́ ojú ọ̀nà kan láti ibi tí ọpọlọ ti ń bí sẹ́ẹ̀lì titun, nítòsí ihò olómi àárín rẹ̀, títí dé ojú ọgbẹ́. Sẹ́ẹ̀lì eku náà fúnra rẹ̀ ló gba orí afárá yìí kọjá. Alágbàṣe ti lọ, ṣùgbọ́n onílé ń rìn lórí iṣẹ́ tó ṣe.

Nínú ìdánwò lára ènìyàn, àwọn 46 gba sẹ́ẹ̀lì. Àwọn 15 ṣe iṣẹ́ abẹ tí kò ní sẹ́ẹ̀lì nínú, láìmọ̀ pé ẹ̀tàn ni. Wọ́n fi òṣùwọ̀n 100 wọn bí apá àti ẹsẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn oṣù mẹ́fà, àwọn tó gbà á fi máàkì 8.3 gòkè, àwọn yòókù fi 2.3. Ó dùn mọ́ni, àmọ́ nígbà tó fi máa di ọdún kan, ìyàtọ̀ náà ti dínkù débi pé ìṣirò kò lè fọwọ́ sọ̀yà mọ́. Ìjọba Japan ṣì fọwọ́ sí i ní oṣù keje 2024, fún sáà kan, pẹ̀lú àdéhùn pé ìwádìí á máa tẹ̀síwájú.

Ọ̀nà mìíràn tún wà, èyí tí wọ́n ti dán wò ní Houston ní Amẹ́ríkà: wọ́n á fa mùdùnmúdùn aláìsàn fúnra rẹ̀ láàárín ọjọ́ méjì tí ìjàm̀bá ṣẹlẹ̀, wọ́n á sì dá sẹ́ẹ̀lì inú rẹ̀ padà sí ojú iṣan ẹ̀jẹ̀. Tibí kì í ṣe láti kọ́ afárá, bí kò ṣe láti pẹ̀tù sí wíwú kó tó ba nǹkan jẹ́ sí i.

Ìyẹ̀fun inú ọ̀rá tí wọ́n ń polówó kiri nílẹ̀ wa pẹ̀lú orúkọ “stem cell” kò bá méjèèjì tan. Lára èso ni wọ́n ní àwọn ti mú un, ẹnu ni wọ́n sì ń gbà lò ó. Ikùn á dà á bó ṣe ń da ẹ̀bà.