Àǹtíbáyótíìkì adènà àti kíkẹ̀ ojú iṣẹ́ abẹ ìpá

Àǹtíbáyótíìkì adènà ni oògùn apa-kòkòrò-àrùn tí a ń fún aláìsàn kí dókítà tó la ara rẹ̀, kí ojú abẹ má baà kẹ̀. Iṣẹ́ abẹ mímọ́, ìyẹn èyí tí kò kan ibi tí kòkòrò pọ̀ sí nínú ara, ni ti ìpá, bí ìpá náà kò bá tíì fún ìfun lọ́rùn débi tí yóò fi kú. Awọ aláìsàn fúnra rẹ̀ ni kòkòrò tó ń fa kíkẹ̀ sábà máa ń ti wá, Staphylococcus aureus ló sì wọ́pọ̀ jù.

Àwọ̀n tí wọ́n ń fi dí ojú ìpá ló mú kí ọ̀rọ̀ náà le. Àwọ̀n polypropylene, irú ike kan, ni wọ́n sábà ń lò fún àgbàlagbà báyìí. Kòkòrò tó bá lẹ̀ mọ́ ọn a máa fi nǹkan yíyọ̀ bo ara rẹ̀, oògùn kì í sì í ráyè dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ dáadáa. Àwọ̀n olójú fẹ̀ sàn ju olójú wẹ́wẹ́ lọ: bakitéríà lè sá sínú ihò tí kò tó máíkírọ́nù 10, sẹ́ẹ̀lì ara tó ń jẹ kòkòrò kò sì lè bá a wọ ibẹ̀.

Kì í ṣe gbogbo aláìsàn ni oògùn yìí yẹ. Ìlànà àgbáyé tí HerniaSurge, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ nípa iṣẹ́ abẹ ìpá, gbé jáde lọ́dún 2018 wo bí ojú abẹ ṣe ń kẹ̀ tó níbi tí wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ náà. Níbi tó bá ti ju 5 nínú 100 lọ, kí wọ́n fún ẹni tí wọ́n fẹ́ là tí wọ́n sì fẹ́ fi àwọ̀n sí. Níbi tí kò bá tó bẹ́ẹ̀, ẹni tí kò ní ewu àrà ọ̀tọ̀ kò nílò rẹ̀. Ẹni tí wọ́n fẹ́ fi kámẹ́rà gba ihò kéékèèké ṣe tirẹ̀ kò nílò rẹ̀ náà. Àwọn ohun tó ń dá kún ewu ni ìtọ̀ ṣúgà, sìgá mímu, sísanra jù, àìlágbára ọmọ ogun ara àti ìpá tó padà wá lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ àkọ́kọ́.

Àkókò ni gbogbo rẹ̀ dá lé. Lọ́dún 1961, oníṣẹ́ abẹ John Burke fi ẹranko kékeré tí wọ́n ń pè ní guinea pig hàn pé oògùn tó ti wà nínú ẹran ara kí kòkòrò tó dé ló ń ṣiṣẹ́ jù. Èyí tó dé lẹ́yìn wákàtí 3 tí kòkòrò ti wọlé kò yàtọ̀ sí àìfúnni rárá. Nítorí náà, àǹtíbáyótíìkì cefazolin gráàmù 2 ni wọ́n ń fi abẹ́rẹ́ fún àgbàlagbà sójú iṣan láàárín ìṣẹ́jú 60 ṣáájú kí abẹ tó kan awọ. Gráàmù 3 ni fún ẹni tó bá tẹ̀wọ̀n tó kìlógíráàmù 120, mílígíráàmù 30 sì ni fún kìlógíráàmù kọ̀ọ̀kan ọmọdé. Bí iṣẹ́ bá kọjá wákàtí 4, wọ́n á tún un fún un. Ẹni tí penicillin ń bá jà gidigidi lè gba àǹtíbáyótíìkì mìíràn, clindamycin mílígíráàmù 900, dípò cefazolin.

Àṣìṣe tó wọ́pọ̀, tó sì ń ṣe ìpalára, ni kí wọ́n máa fún aláìsàn ní kápúsù àǹtíbáyótíìkì ọlọ́jọ́ márùn-ún tàbí méje lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ. Ìlànà Àjọ Ìlera Àgbáyé (WHO) ti ọdún 2016 ní kí wọ́n má ṣe é: kì í dín kíkẹ̀ kù, ó ń fa ìgbẹ́ gbuuru, ó sì ń sọ kòkòrò di aláìgbóògùn. Bẹ́ẹ̀ náà, abẹ fẹ́lẹ́ tí wọ́n bá fi fá irun ojú ibi iṣẹ́ abẹ ń ha awọ, ó sì ń ṣílẹ̀kùn fún kòkòrò; bí irun bá ní láti kúrò, ẹ̀rọ ìgẹrun ni kí wọ́n lò. Chlorhexidine, oògùn apakòkòrò fún awọ, tí wọ́n pò mọ́ ọtí ni kí wọ́n fi nu awọ, kí wọ́n sì jẹ́ kó gbẹ.

Wíwú díẹ̀ àti dídú awọ láàárín ọjọ́ díẹ̀ kì í ṣe kíkẹ̀. Omi tó rọra pé jọ sábẹ́ awọ náà sábà máa ń gbẹ fúnra rẹ̀. Fífi abẹ́rẹ́ fà á láìnídìí lè gbé kòkòrò wọlé. Ìrora tó ń pọ̀ sí i, pípọ́n tó ń tàn, ọyún àti ibà ni àmì kíkẹ̀. Láàárín ọjọ́ 30 ló sábà máa ń yọjú, ṣùgbọ́n ti àwọ̀n lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Bí ọyún bá wà, ṣíṣí ojú egbò kí ó lè dà jáde ni ìtọ́jú àkọ́kọ́, torí oògùn nìkan kì í gbẹ ọyún. Bí ó bá dé ara àwọ̀n, polypropylene olójú fẹ̀ ṣeé dá sí nígbà mìíràn pẹ̀lú fífọ̀ àti oògùn; bí ọyún bá ń padà wá ṣáá, yíyọ àwọ̀n náà ló kù.