Ibi tí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ti ṣẹ̀ ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà

Tí abúlé kan létí Iléṣà bá fẹ́ gbẹ́ kànga tàbí tún afárá ṣe, ìpàdé ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè ni ọ̀rọ̀ náà sábà máa ń kọ́kọ́ dé, kí ẹnikẹ́ni tó kọ lẹ́tà sí ìjọba ìbílẹ̀. Àwọn kan rò pé ìjọba ló kọ́ wa ní irú ẹgbẹ́ yìí. Irọ́ ni.

Iṣẹ́ ìlú ti wà tipẹ́. Ọlọ́jà, ìyẹn olórí abúlé, á ránṣẹ́, agboolé kọ̀ọ̀kan á yọ géńdé sílẹ̀, wọn á ro ọ̀nà odò. Àáró àti ọ̀wẹ̀ ni wọ́n fi ń kọ́lé, òun ni wọ́n fi ń kọ ebè. Ṣùgbọ́n agbára apá nìkan ló wà níbẹ̀, kò sí owó.

Ẹ̀yìn ogun Kírìjì, tó bẹ̀rẹ̀ ní 1877, ni owó dé. Kòkó wọ igbó Ìjẹ̀ṣà, ọkọ̀ ojú irin dé Òṣogbo ní 1907, àwọn ọmọ Ìjẹ̀ṣà sì gbé aṣọ lérí, wọ́n ń tà á láwìn láti ìlú dé ìlú. Òṣómàáló nìwọ̀nyẹn: onígbèsè tó bá ń fi wọ́n ṣeré, ẹnu ọ̀nà rẹ̀ ni wọ́n á lóṣòó sí títí owó á fi jáde. Oríkì wọn ní ilé lọmọ Ọwá ti ń múná roko. Ní ti owó yìí, ìdálẹ̀ ló ti wá sílé.

Láàrin ọdún 1920 sí 1929 ni Ẹgbẹ́ Àtúnlùúṣe Ilé Ìjẹ̀ṣà dìde, àwọn tó kàwé ló pọ̀ jù nídìí rẹ̀. Ní 1934, nígbà tí Ọwá Arómọláran Kìíní wà lórí oyè, ẹgbẹ́ yìí dá Ilesa Grammar School sílẹ̀. Ìjọ kọ́ ló dá a sílẹ̀, ìjọba kọ́ sì ni. Lójú tèmi, ibí gan-an lọ̀rọ̀ wà. Wọ́n lè pe ọ̀wẹ̀ kí ilé ìwé dúró, ṣùgbọ́n ọ̀wẹ̀ ò lè san owó oṣù olùkọ́. Ẹni tó bá dá irú nǹkan bẹ́ẹ̀ sílẹ̀ gbọ́dọ̀ ti mọ ibi tí owó ọdún tó ń bọ̀ yóò ti wá. Ìṣirò yẹn ni àáró kò ní.

Àwọn abúlé náà rí i. Àwọn ọmọ wọn tó wà ní Èkó àti Ìbàdàn ń dáwó lóṣooṣù, wọ́n ń wálé fún ìpàdé nígbà ọdún. Nígbà tí ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní January 1955, tó di pé a nílò yàrá ìkàwé káàkiri, ìlú tó ti ní ẹgbẹ́ kò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa wá ẹni tí yóò pè.

Àbùkù kan wà níbẹ̀ láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ṣá. Ẹni tó lówó lọ́wọ́ kò gbé abúlé. Pálọ̀ Èkó ni wọ́n ti ń pinnu púpọ̀ nínú ètò, ẹni tó ń gbé abúlé á kàn gbọ́ ni. Gbọ̀ngàn ìlú máa ń yá wọn lára ju omi lọ, torí gbọ̀ngàn ni àlejò máa ń rí lọ́jọ́ ọdún. Àwọn obìnrin tó ń pọnmi ló yẹ kó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ nípa kànga, ká tó bi ará Èkó ní èló ló máa mú wá.