Kíkọjú mọ́ ìwọ̀nba nǹkan tó ṣe kókó nínú bísínẹ́ẹ̀sì

Kíkọjú mọ́ ìwọ̀nba nǹkan tó ṣe kókó ni pé kí ẹni tó ń darí òwò wo gbogbo iṣẹ́ tó wà nílẹ̀, kó mú méjì tàbí mẹ́ta tó ń mérè wálé jù, kó wá kó owó, àkókò àti òṣìṣẹ́ tó mọṣẹ́ jù tì wọ́n. Àwọn yòókù ò ní pòórá o, wọ́n á kàn ní sùúrù ni.

Ọ̀rọ̀ yìí ò ṣàjèjì nílẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Àwọn òṣómàáló tó ń gbé aṣọ kiri láti Iléṣà lọ sílùú onílùú láyé àtijọ́, àwìn ni wọ́n ń tà á, tọ́jọ́ owó bá pé wọ́n á lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè, wọn ò ní dìde àfi tí wọ́n bá gbowó, ibẹ̀ lorúkọ yẹn ti wá. Ẹni tó bá sì lóṣòó sílé ẹnì kan láàárọ̀ ò lè sí nílé ẹlòmíì láàárọ̀ yẹn kan náà, torí ẹ̀ ni mímọ ilé tí wọ́n á kọ́kọ́ lọ fi jẹ́ iṣẹ́ fúnra ẹ̀.

Òfin 80/20, tàbí òfin Pareto, ni wọ́n máa ń tọ́ka sí jù, ìyẹn ni pé nǹkan bí 20 nínú 100 ohun téèyàn ń ṣe ló ń mú nǹkan bí 80 nínú 100 èrè wá. Vilfredo Pareto (1848–1923), onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé ọmọ Ítálì, rí i pé ọwọ́ àwọn díẹ̀ ni ọ̀pọ̀ owó ìlú wà. Joseph Juran (1904–2008), tí wọ́n bí ní Ròmáníà tó wá dàgbà sí Amẹ́ríkà, ló gbé e wọ fáktírì, ó ní àléébù díẹ̀ ló ń fa èyí tó pọ̀ jù nínú ọjà tó ń bàjẹ́. Ní 1975 ó jẹ́wọ́ pé òun lòun fẹ ọ̀rọ̀ náà kọjá ibi tí Pareto bá a dé, ó dáa bó ṣe sọ ọ́ síta. 80 àti 20 ò le bí òkúta, ó lè jẹ́ 70/30, kò dẹ̀ pọn dandan kí méjèèjì pé 100, torí ohun ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń kà.

Ká ní ẹnì kan ní sọ́ọ̀bù lọ́jà Atákúnmọ́sà ní Iléṣà. Á la ìwé sọ́nà mẹ́ta: orúkọ ọjà, iye tó tà lóṣù, èrè tó kù lẹ́yìn owó ọkọ̀. Tó bá to èrè yẹn látorí èyí tó tóbi jù wá sísàlẹ̀, tó ń rò ó pọ̀ bó ṣe ń lọ, á rí ibi tí ọjà mẹ́rin-márùn-ún ti kó ọ̀pọ̀ èrè. Àwọn yẹn ni kíláàsì A, B tẹ̀ lé e, C ló kẹ́yìn. Tí ìrẹsì àtepo bá wà ní A, wọn ò gbọ́dọ̀ tán láé, òun fúnra ẹ̀ ni kó máa kà wọ́n lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ìṣáná, ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó.

Ibi tí wọ́n ti ń ṣàṣìṣe ni pé wọ́n á kó C dànù. Iyọ̀ ò mérè gidi wá, ṣùgbọ́n kọ́sítọ́mà tó wá ra ìrẹsì tí ò bá iyọ̀, sọ́ọ̀bù kejì ló ti máa ra méjèèjì.

Àwọn ilé iṣẹ́ ńlá náà ń ṣe é. Nígbà tí Steve Jobs padà ní 1997 sí Apple, ilé iṣẹ́ kọ̀ǹpútà tóun náà wà lára àwọn tó dá a sílẹ̀, ó gé ọjà wọn kù sórí kọ̀ǹpútà mẹ́rin.

Ìwé kan náà ṣe é fi to gbèsè. Orúkọ ẹni mẹ́ta tó jẹ jù á wà lókè, ọ̀dọ̀ wọn ni wọ́n á kọ́kọ́ lọ láàárọ̀ Mọ́ńdè, kí wọ́n tó ṣísọ́ọ̀bù.